Ológìnní Ìdí Àká: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ìwà Músù ní Àgbàdo

Bí òru bá ti lọ títí, tí ilé gbogbo ti pa rọ́rọ́, tí ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn sì ti fọn fèrè rẹ̀ gba ìhà Ifọ̀ lọ, a máa ń gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbàdo, ohùn tí ó dà bí ẹkún ọmọ tuntun tí wọ́n gbé sínú ìrì, tí yóò ròkè lálá, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí àárẹ̀ mú ẹni tí ń ké, tí yóò dákẹ́ díẹ̀, tí yóò sì tún gbéra lákọ̀tun. Nínú ilé tí ó kángun sí tiwa, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan. Nínú ilé tí ó tẹ̀lé e, wọn a ti fèrèsé pa, wọn a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn bí ó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà kò ní ju kí ó yí ìhà padà lórí ẹní rẹ̀, kí ó sì fi ohùn oorun sọ pé, "Abo tiwa ló ń wá ọkọ. Ẹ fi í sílẹ̀." Nígbà tí oṣù méjì bá pé, pẹ̀lú ọjọ́ mélòó kan lórí rẹ̀, a ó bá ọmọ ológbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú wọn dì, nínú apẹ̀rẹ̀ àkísà lẹ́yìn àmù omi.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro bí ẹkún kan ṣoṣo, ní àdúgbò kan ṣoṣo, ṣe lè jẹ́ ìkéde ikú létí ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ ìkéde ìbí létí ẹlòmíràn. Ìyá àgbà kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oògùn kankan tí ó fi ń gbọ́ èdè ẹranko. Ohun tí ó ní ni àká, àti ogójì ọdún tí ó ti lò pẹ̀lú àwọn ológbò tí ń ṣọ́ àká náà fún un. Mo sì ti wá gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ológbò lọ́dọ̀ wa wà: nígbà tí ológbò ní iṣẹ́ nínú ilé, a mọ ìwà rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà náà di àràmàǹdà sí wa lójú.

Orúkọ ìlú yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí à ń kó sínú àká. Àgbàdo tí à ń jẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Láti òkè òkun, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ti wá ní nǹkan bí irinwó ọdún ó lé sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn Potogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etíkun wa, ṣùgbọ́n ó bá ilẹ̀ wa lára mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó tún rántí pé àlejò ni. Nínú ilé àtijọ́, wọn kì í bó o tán kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Wọn a so ó pọ̀ ní èèpo rẹ̀, wọn a gbé e kọ́ sí àjà lókè ààrò, kí èéfín lè máa kọjá lára rẹ̀ kí kòkòrò má bàa rí i jẹ, èyí tí ó bá sì pọ̀ jù, wọn a kó o sínú àká lẹ́yìn ilé. Èéfín lè lé kòkòrò, kò lè lé èkúté. Ẹ̀lírí tí kò ju àtàǹpàkò lọ a gba inú ihò tí ìka kò lè wọ̀, asín a kó òórùn rẹ̀ dé, èkúté ilé a jẹ irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnikẹ́ni yóò mọ ìtumọ̀ òwe tí àwọn baba wa pa, pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ìtàn yìí sì ju ti Àgbàdo lọ. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́ ti rí egungun ológbò kan ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì (Cyprus), tí wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn, ní ìgbà tí àwọn ará apá ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gbin ọkà tí a sì ń kó o pamọ́. Àwọn ará Íjíbítì bọlá fún un tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orí rẹ̀ yàwòrán òrìṣà wọn tí ń jẹ́ Bastet. Ajá, àwọn kan gbà pé ènìyàn ló tù ú wá sílé láti bá a ṣọdẹ. Ológbò ní tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rìn wọlé. Ọkà ló pe èkúté, èkúté ló pe ológbò, ènìyàn sì yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn kò ní yà á lẹ́nu mọ́ pé ẹranko náà kì í wólẹ̀ fún olówó rẹ̀, pé a pè é kò dáhùn, pé ó ń wọlé ó ń jáde bí ẹni tí ó san owó yàrá.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó ní ọdún 1896, tí ó gba Agége àti Àgbàdo kọjá sí Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àká wa gba ọ̀nà tuntun. Ohun tí à ń kó sí àjà tẹ́lẹ̀ fún ẹnu ilé wa di ohun tí à ń dì sínú àpò ránṣẹ́ sí Èkó. Ibi tí àpò bá ti tò jọ, ibẹ̀ ni èkúté yóò tẹ́ ẹní sí, ojú irin kan náà tí ó ń gbé ọkà lọ sì lè gbé èkúté bọ̀. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú irun èkúté máa ń gbé sára ènìyàn, tí yóò mú kí kókó wú sí abẹ́ abíyá tàbí sí ìdí itan, tí ìbà yóò sì mú olúwarẹ̀ lọ. Ó jà fún ọdún bíi mélòó kan. Ìjọba wó ilé, ó dọdẹ èkúté, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928 nítorí ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bá ní akọ ológbò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ohun iyebíye ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni bí àwọn obìnrin ìdí àká ṣe mọ ẹranko yìí. Wọn kì í jókòó kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ a kàn bọ́ lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń gé ilá tàbí tí wọ́n ń yan àgbàdo, èmi a sì he é bí adìẹ ti ń he ọkà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo bá òkú ẹ̀lírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì figbe ta pé wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ológbò ti rí i pé mi ò mọ ọdẹ ṣe, pé bí ó ti ń gbé ẹran wá fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ ọdẹ ni ó ṣe gbé tèmi wá. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo wá ka ìwé àwọn tí ń fi ìwà ẹranko ṣe ẹ̀kọ́, mo bá a níbẹ̀ pé lóòótọ́ ni abo ológbò máa ń kọ́kọ́ gbé òkú ẹran wá fún àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ààyè wá kí wọ́n lè fi kọ́ pípa.

Bákan náà ni ti gbígbé ọmọ kiri. Abo ológbò a bí sẹ́yìn àmù lónìí, bí ó bá di ọjọ́ kẹrin, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo; a ó wá a kiri, a ó bá a ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a ó tún bá a ní àjà. Àwọn ará àdúgbò a ní ó ń wá ilé méje tí yóò fi ọmọ rẹ̀ mulẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìyá àgbà a ní òórùn ibi tí ó bí wọn sí ti ń gbóná, ìyẹn ni pé ẹranko mìíràn lè fi imú tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀, tàbí pé àwa ọmọdé ti yọjú wò wọ́n jù. Òun a sì fi apẹ̀rẹ̀ mìíràn sí ibi tí ó ṣókùnkùn, a kò sì tún ní rí ìṣípòpadà mọ́.

Ti wíwo ògiri ńkọ́? Kò sí ìwà ológbò tí ó ń dẹ́rù bani tó o. Ẹ̀yin náà yóò ti rí i: ológbò tí ó jókòó jẹ́jẹ́, lójijì tí ó gbé orí sókè, tí ó tẹjú mọ́ igun ilé níbi tí ojú wa kò rí ohunkóhun, etí rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ṣónṣó orí ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀mí àìrí, ni àwọn ènìyàn ń wí. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ti ológbò a máa gbọ́ èyí tí ó tó nǹkan bí 64,000, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ èkúté ń fi irú ohùn tóóró bẹ́ẹ̀ ké sí ìyá wọn nínú ihò. Ohun tí ológbò ń wò, ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyá àgbà kò mọ iye kankan nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí ológbò bá ti tẹjú mọ́ igun kan nígbà mẹ́ta, omi gbígbóná ni yóò gbé lọ síbẹ̀. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ọmọ ìyá ẹkùn sì ni ológìnní, a-rìn-má-dùn-lẹ́sẹ̀, olójú iná lóru, ẹni tí a sọ láti òkè tí ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilẹ̀. (Nípa ti fífi ẹsẹ̀ balẹ̀ yìí, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Étienne-Jules Marey ya àwòrán ológbò tí ń ṣubú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ní ọdún 1894, ó sì fi han àwọn onímọ̀ pé inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń yí iwájú ara rẹ̀ padà ṣáájú ẹ̀yìn. Ó ya ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Kò lè ya ọmọ Àgbàdo tí ó ti rí ológbò já láti orí àjà lẹ́nu.)

Wọ́n tún mọ̀ pé bí ológbò bá ń jẹ koríko, ó lè bì lẹ́yìn rẹ̀; pé bí akọ bá ká ètè sókè bí ẹni tí ń yínmú sí ènìyàn, òórùn abo ni ó ń fi òkè ẹnu tọ́ wò; pé ológbò tí ó bá fi ara pamọ́ sábẹ́ nǹkan láti àárọ̀ dé alẹ́, tí kò jáde wá sídìí ààrò, àìsàn ló ń ṣe é, nítorí kì í fi ìrora rẹ̀ han ọ̀tá.

N kò ní parọ́ pé kò sí ẹ̀rù rárá nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ti wà kí ojú irin tó dé, a sì ti ń fi ohùn òru wé ohùn àwọn ìyá wa, àwọn eléyinjú ẹgẹ́. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ó jẹ̀bi. Ní ọdún 1233, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ ìwé kan tí ó fi ológbò dúdú sínú ìpàdé àwọn tí ń sin èṣù, ológbò sì jìyà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù lẹ́yìn náà. Àwọn Mùsùlùmí ló ní ẹ̀rí mìíràn fún un: ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì ni à ń pè ní Abú Huraira, èyí tí ó túmọ̀ sí bàbá ọmọ ológbò, hádíìsì sì wà pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé tí kò fún ní oúnjẹ. Bóyá ìdí nìyí tí mo fi ṣàkíyèsí pé àwọn ilé àáfà ní àdúgbò wa kì í lé ológbò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ayé àtijọ́ ní ìwọ̀n, nítorí ẹni tí ó ń bẹ̀rù ẹranko náà lóru tún nílò rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ohun tí ó ba ìwọ̀n náà jẹ́ ni pé àká lọ. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, oko tí ó wà ní Mowe àti Ibafo sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ilẹ̀ ìkọ́lé fún àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde. Bákan náà ló rí ní Àgbàdo, nítorí pé ẹnu ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ni ó wà. Àwọn tí ó dé kò kó àká dé. Oúnjẹ inú ọ̀rá láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jẹ, ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé, ológbò tí wọ́n sì ń rí lójúde kò sí ẹni tí ó mọ olówó rẹ̀, ìbí rẹ̀ tàbí ìṣe rẹ̀. Àkókò yìí kan náà ni sinimá Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Nígbà tí Olóyè Hubert Ogunde gbé sinimá Aiyé jáde ní ọdún 1979, tí àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí àjẹ́ lójú aṣọ funfun, ẹ̀rù tí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ lásán rí àwòrán dì mú; àwọn tí ó wá lẹ́yìn pẹ̀lú fídíò sì sọ ọ́ di àṣà pé kí arúgbó obìnrin wọ yàrá, kí ológbò jáde. Àwọn òwe tí ó wà fún irú èrò yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí abo ológbò bá ké lóru, tí aládùúgbò bá sì bọ́ sínú gọ́tà ní òwúrọ̀, wọ́n ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

Oògùn èkúté ló gba iṣẹ́ tó kù. Òtapíapíá dé inú ìgò kéékèèké, àwọn oògùn apakòkòrò oko sì dé ọwọ́ ẹni tí kò ní oko, títí tí àjọ NAFDAC, tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fi ní láti fòfin de títa ìgò kékeré apakòkòrò Sniper ní ọdún 2019 nítorí ewu rẹ̀ fún ẹ̀mí ènìyàn. Èkúté tí ó jẹ májèlé lè má kú lójú ẹsẹ̀. A máa rìn tàgé-tàgé jáde, ológbò a sì gbé e láìṣe wàhálà. Láàárín wákàtí mélòó kan, itọ́ a máa dà lẹ́nu ológbò náà, ẹran ara rẹ̀ a máa jó, a máa yí po lójú kan, a máa ké bí ohun tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí lójúde aládùúgbò kan. Wọ́n ní ìyá ẹnìkan ni ó ń jẹ́wọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n fi igi lù ú títí ó fi dákẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò sì sọ pé mo rí ẹni tí ó da oògùn sí ìdí àpò gàrí ní alẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò ní ọkàn mi.

Ẹ̀rù kan wà tí ó tọ́ kí a bà, mo sì fẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀. Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè mú àrùn náà. Èyí tí ó ti ń sá fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ lè wá máa súnmọ́ ènìyàn láìbẹ̀rù, tàbí kí oníwà tútù máa fò mọ́ ènìyàn láìnídìí, kí ohùn rẹ̀ yí padà, kí ó má lè gbé omi mì. Bí irú rẹ̀ bá ha ènìyàn tàbí tí ó bù ú jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́, nítorí pé bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ti pẹ́ jù. Akọ ológbò tí ó ń tiraka láti tọ̀, tí ń ké, tí ohunkóhun kò sì jáde, òun náà kò lè dúró di ọ̀la. Òkúta tàbí ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Fún irú èyí, àwọn dókítà ẹran wà ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí wa.

Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní gbangba, wọ́n sì fi orúkọ Lateef Jákàńdè sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Àgbàdo. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo rìn gba inú ọjà, mo sì dúró ra ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó so ológbò rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì pẹ̀lú okùn ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ti ń ṣe báyìí kí wọ́n má bàa jí i gbé. Okùn náà kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹran yìí ti sú mi. Láti àná kò jẹ, kò sùn, ó kàn ń wo àpò kan ṣoṣo, ó ń ké. Pásítọ̀ ní kí n gbé e jù nù." Mo béèrè pé àpò wo. Ó nawọ́ sí i: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, tí okùn ológbò náà kù díẹ̀ kí ó tó o. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a gbé e kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ti lu, ìrẹsì ti dà sílẹ̀, nínú ìfọ̀n àpò tí wọ́n ti rún kúnná sì ni ọmọ ẹ̀lírí mẹ́fà tí wọ́n pupa bí atare tútù, tí wọn kò tíì la ojú, ń rákò lórí ara wọn. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá ibi tí kókó okùn náà wà lọ́rùn ológbò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.